Kí ni Látìn máa ṣe fún ọmọ ará Ìkòròdú?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin mi wọ sẹ́mínárì lọ́dún yìí, ìwé Látìn sì wà lára ìwé tí wọ́n ní ká rà. Bàbá rẹ̀ ní èdè tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé lóko mọ́, ta ni ọmọ fẹ́ fi bá ná ọjà ní Sábó? Ọmọ wá sílé fún họ́lídé, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á jókòó ti iná sólà: "amo, amas, amat." Ó ní mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn ni. Àwọn ìbejì bá sọ ọ́ dorin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi yọjú láti yàrá, wọ́n ní ọfọ̀ wo lẹ tún ń pè lóru?

Ẹni tó bá ti kà á rí, tàbí tó ti bá a pàdé níbì kan, ẹ bá mi sọ ọ́. Ìrírí ni mo fẹ́ o, ẹ má wàásù fún mi.

Ra-ilẹ̀-lẹ́ẹ̀mejì, Odógunyàn

Èmi ò kà á rí, ṣùgbọ́n àìkà á ná mi lówó.

Mo fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀tà. Fẹ́ǹsì kúkúrú kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára. Òjò ti fọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, CAVEAT EMPTOR nìkan ló ṣẹ́ kù ketekete. Mo bi ẹni tó mú mi wá, ó ní orúkọ ìdílé tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ ni, wọ́n ti tà á, wọ́n ti lọ. Mo gbà. Kódà nígbà tí mo tún rí i lára ògiri kan lápá Àgbòwà, mo ní nínú ara mi pé ìdílé Emptor yìí mà nílẹ̀ o! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Mo sanwó tán, mo da yanrìn tírípù méjì síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn dé tàwọn tìwé kóòtù. Lọ́ọ́yà tí mo sá tọ̀ lọ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: kí ẹni tó fẹ́ rà la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó tó rà. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lójú mi kòrókòró, ní èdè tí mi ò gbọ́. Ó tún fà á yọ pé nemo dat quod non habet, ó ní orí ẹ̀ ni ẹjọ́ wa máa dúró lé: ẹni tí kò ni nǹkan kò lè fi fún ẹlòmíràn. Mo ní, "Lọ́ọ́yà, ohun tí ìyá mi ń sọ lójoojúmọ́ náà lẹ lọ kọ́ ní yunifásítì, tẹ́ ẹ wá ń gbowó lọ́wọ́ mi?" Ó ní ti ìyá mi kò ṣeé gbé lọ síwájú adájọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Tèmi ò gùn. Látìn ṣì ń bẹ lára ìwé tí dókítà fi ń kọ oògùn: b.d. ni ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, t.d.s. ni ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nocte ni alẹ́. O.d. ló dà wá láàmú. Lórí oògùn, omni die ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ojú, oculus dexter ni, ojú ọ̀tún. Wọ́n kọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ládùúgbò wa lórí oògùn ojú, ọmọ tó ń ta oògùn ní kí wọ́n máa kán an sójú ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ojú méjèèjì ló ń dùn wọ́n. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó yà kí wọn, tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí tòsì ṣì pọ́n bí ata. Ọpẹ́ ni pé kò tíì bàjẹ́.

Ti Gíríìkì ni -itis. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ nídìí ọ̀rọ̀, nǹkan kan nínú ara ló wú, tó ń gbóná: gastritis, ikùn, hepatitis, ẹ̀dọ̀, arthritis, oríkèé. Ọdún méjì ni mo ti ń há wọn sórí bí ayékòótọ́ kí ẹnì kan tó là á yé mi.

Bàbá Tíṣà, Àgbádárìgì

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú wọn. 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní Látìn. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sójú pátákó: Canis puerum mordet. Ajá gé ọmọ jẹ. Ó pa á rẹ́, ó kọ Puerum canis mordet, ó nawọ́ sí mi. Mo dìde, mo gbáyà, mo ní, "Ọmọ gé ajá jẹ, sà!" Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Pàṣán mẹ́ta ni mo jẹ láìmọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Lẹ́yìn pàṣán ló tó ṣàlàyé. Nínú Látìn, ìrù ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tí ìyà jẹ. -um tó wà nídìí puerum ti sọ pé ọmọ ni wọ́n gé jẹ, ẹ gbé e síwájú, ẹ gbé e sẹ́yìn. Kí ọmọ tó lè gé ajá jẹ, àfi kẹ́ ẹ sọ ọ́ di puer canem mordet. Ní tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ bá jókòó sí ló ń sọ ọ́. Mo ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà tí mo ti ń rá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó ní òfin. Tọ́rọ́ kan la tiẹ̀ ń san tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa ní kíláàsì.

Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìwàásù, wọ́n bá kọ́ wa ní Gíríìkì, torí òun ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé, mo rí àmì lórí lẹ́tà, ọ̀kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀kan tẹ̀ sósì. Olùkọ́ ní láyé àtijọ́, ibi tí èkíní bá wà ni wọ́n ti ń gbé ohùn sókè. Aristophanes ará Byzantium, tó ń bójú tó ibi ìkówèésí ńlá Alẹkisáńdríà ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú Kristi, ni wọ́n ní ó là á sílẹ̀. Mo kígbe, "Ọ̀gá, àmì ohùn wa nìyí!" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá. Lóòótọ́, gbogbo sílébù tiwa ló ní ohùn tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló sábà ń ga nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Àmọ́ àmì kan náà ni.

Ibi tí mò ń gbé báyìí kò jìnnà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ni Ajayi Crowther gúnlẹ̀ síbí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó sì lọ ka Látìn àti Gíríìkì ní Fourah Bay ní Sàró àti Islington ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ ti 1852, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ti wà lórí ọ̀rọ̀. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wo ilé náà. Wọ́n á máa ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn, èmi á máa bi wọ́n pé ibo ni àmì orí orúkọ wọn ti wá. Wọ́n á ní láti ọ̀dọ̀ tíṣà.

Lóṣù tó kọjá ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi: "Baba mo ti ra oko." Mo ti pe gbogbo ẹbí pé ó ti ra mọ́tò kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ tó fẹ́ fi dáko ni. Ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Onípáátì, Ṣágàmù Road

Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á, páátì ọkọ̀ ni mò ń tà. Kò sí kọ́sítọ́mà tó béèrè amo lọ́wọ́ mi rí. Èyí tó kù lórí mi kò ju pé Septẹ́ḿbà ni oṣù keje lédè àwọn ará Róòmù tó ni Látìn, Disẹ́ḿbà ni ìkẹwàá, torí Máàṣì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n fún un ní òdo. Mo fẹ́ lọ bá tíṣà jà, ìyàwó mi ló dì mí mú.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka ti ìdílé Emptor sí ọkọ mi létí. Kò fèsì. Láàárọ̀ yìí ló fa fóònù yọ, ó fi fọ́tò ilẹ̀ tó ń wò lọ́wọ́ han ọmọ, ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri yìí, kà á fún mi."

Ọmọ wò ó títí. Ó ní, "Dádì, a ò tíì dé ibẹ̀."