Ẹ̀yin tí ẹ ti gba owó àyálò akẹ́kọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí fún yín?

Abíọ́dún: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ó sì fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Mo mọ ohun tí òfin ọdún 2024 àti ètò àjọ náà wí: wọn kò wo iye tí òbí ń gbà mọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Ẹnu ẹni tí ó ti gbà á ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ Elélùbọ́: Mo gbà á, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kéde pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní jókòó ṣe ìdánwò, owó àyálò mi kò sì tíì jáde. Màmá mi, tí ó ń ta èlùbọ́, lọ bẹ ìyá alájọ kí ó jẹ́ kí òun kó àjọ ṣáájú. Oṣù kẹsàn-án ni ó kàn án, oṣù kẹta ni ó kó o. A san owó náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti san owó mi fún ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba owó kan ṣoṣo. Mo dé ọ́fíìsì akápò, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí olórí ẹ̀ka buwọ́ lù ú. Ó buwọ́ lù ú tán, wọ́n ní ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn yóò fi í san owó ọdún tí ń bọ̀. Màmá mi kò sì lè fi ọdún tí ń bọ̀ ra iṣu gbígbẹ.

Gbénró: “Ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi.” Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa, ó ku díẹ̀ kí ó di ẹbí mi.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì akápò rí. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá yàtọ̀ díẹ̀, owó rẹ̀ lè dúró sí àárín ọ̀nà. Ǹjẹ́ àbúrò wa ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó?

Ọmọ Elélùbọ́: Mo ní méjì, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà kan náà ni ó wà lórí méjèèjì.

Bàbá Olóko: Mo wà ní yunifásítì ní 1978. Kọ́bọ̀ 50 ni ìjọba ológun fi kún owó tí a ń san fún oúnjẹ ojúmọ́ tí gbogbo ìlú fi dàrú. Segun Okeowo ni ó ṣíwájú wa, a sì ń pariwo orúkọ Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, pé kí ó lọ. Ìbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ nítorí kọ́bọ̀ 50. Lónìí, ẹ̀ ń yáwó jẹun, ẹ sì ń dúpẹ́.

Àdùkẹ́: Bàbá, ẹ má bínú, a kò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni yín nígbà náà? Ní gbogbo agbo ilé tiwa, kò sí ẹnì kan tí ó dé yunifásítì ní 1978. Oúnjẹ yín pọ̀ nítorí pé ẹnu tí ń jẹ ẹ́ kò pọ̀.

Bàbá Olóko: Òótọ́ ni, ọmọ mi, a kò pọ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá tèmi, kì í ṣe mínísítà.

Gbénró: Ariwo ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 2011, owó ilé-ẹ̀kọ́ LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, kúrò ní ₦25,000 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ó di láàrin ₦193,750 sí ₦348,750. Ní 2014, wọ́n dá a padà sí ₦25,000.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èmi kò ní fọwọ́ sí gbèsè kankan kí n tó ríṣẹ́.

Àdùkẹ́: Kò ní èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, bí o bá sì ti ń gba owó oṣù, kí wọ́n tó yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Iṣẹ́ wo?

Alágbàsùn: Ẹ̀ ń bá òfin jà, èmi ń bá bẹ́ẹ̀dì jà. N kò rí àyè nínú ilé-ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ìdajì ₦20,000 mi ń lọ fún ẹni tí mo ń sùn sí ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdajì yòókù sì ni gààrí àti ìwé tí mo ń tẹ̀. N kò jẹ́ kí ó mọ ọjọ́ tí owó náà ń wọlé, nítorí pé ó ti fi owó kún un lẹ́ẹ̀kan.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì: Òun náà ti di ìjọba ológun.

Abíọ́dún: Ẹ ṣeun o. Ṣé kí ọmọ yìí sanwó sílẹ̀ ni, àbí kí ó dúró?

Ọmọ Elélùbọ́: Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò, kí ó dúró. Bí wọn kò bá gbà, kí ó san èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí. Mo tún lọ lánàá. Ẹni tí ó lọ fún ìsinmi ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn.