Wọ́n ń gba ìṣirò, àmọ́ kò yé wọn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn 100 level, wọ́n lé ní 300 nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Wọ́n kọ́ mi ní ìwádìí títí mo fi gba oyè Dókítà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ni. Nínú ìdánwò tó kọjá, wọ́n gba ìṣirò òkò tí a sọ sókè dáadáa. Mo wá fi ìbéèrè kan tì í tí kò ní ìṣirò nínú: tí òkò náà bá dé ibi tó ga jù, ṣé nǹkan kan ṣì ń fà á? Èyí tó pọ̀ jù kọ ọ́ pé rárá, nítorí ó ti dúró. Ó dùn mí wọra. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìwé tí mo bá tẹ̀ jáde sì ni wọ́n ń wò fún ìgbéga, wọn kì í wo ìkọ́ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Dókítà. Ohun tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì, bá pàdé ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gba ìṣirò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò yé wọn. Láti 1991 ló ti ń dá ẹ̀kọ́ dúró láàárín, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kálukú á mú ìdáhùn tirẹ̀, wọ́n á wá yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ jiyàn, wọ́n á tún mú ìdáhùn. Ìbéèrè òkò yín yẹn gan-an ni kí ẹ gbé sílẹ̀. Kí ẹ sì panu mọ́! Ibẹ̀ ló le jù fún àwa olùkọ́.

Bàbá Àkúrẹ́: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá, àmọ́ iná lè má sí, ẹ̀rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mú ìdáhùn ò sì sí. Ìka ni mo ń ní kí tèmi lò: ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, méjì fún rárá, kí wọ́n gbé e sáyà kí ẹnikẹ́ni má baà wo tẹlòmíràn. Ní ti ìgbéga, Dókítà, ẹ máa kọ iye tó gbà á ṣáájú àríyànjiyàn àti lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá fi di sáà méjì, ìwé tí ẹ máa tẹ̀ jáde ti wà níbẹ̀.

Akin, Manchester: Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbí máa ń ní kí olùkọ́ tuntun gba ẹ̀kọ́ ìkọ́ni, kó sì gba oyè Fellow lọ́dọ̀ Advance HE, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ni ní yunifásítì. Mo ṣe é, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ló là mí lójú. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta péré ló ń dá ẹ lóhùn látàárọ̀?" Mi ò mọ̀. Ẹ bẹ ẹnì kan kó wá wò yín, kó má ṣe jẹ́ HOD, olórí ẹ̀ka yín, tó máa kọ ìròyìn yín o.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo dán an wò láàárọ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ìka méjì ló pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n jọ sọ ọ́, ariwo gba gbọ̀ngàn. Mo ń kọjá létí ìlà kẹta ni mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń sọ pé, "Tí nǹkan kan ò bá fà á mọ́, kí ló dé tí kò dúró sókè níbẹ̀?" Ẹnìkejì rẹ̀ dákẹ́, ó sì ká ìka kan sílẹ̀.