Ṣé kí n mú màmá mi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Tallinn lọ Stockholm?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tallinn ní Estonia ni mo ti ń kàwé. Màmá mi ń bọ̀ wá kí mi nínú oṣù kọkànlá, mo sì fẹ́ kí a jọ gba orí omi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Stockholm. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ náà ń gbéra. Á yà ní Mariehamn, ìlú kan ní erékùṣù Åland ti Finland, ní ìdájí, ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa kó tó gúnlẹ̀.

Ìgbì ló ń kọ mí lóminú. Láti Ìbàdàn sí Èkó lásán, èèpo ọsàn ni màmá máa ń gbé símú kí èébì má baà gbé wọn, Òkun Baltic kì í sì í ṣeré tí afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù bá dé. Wọ́n ní àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, kì í mì púpọ̀, ṣùgbọ́n yàrá ibẹ̀ kò ní fèrèsé. Ṣé àyà wọn ò ní já báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kúkú pàdé ní Helsinki, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 80, wákàtí 2 péré. Èwo ni ká ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú àgbàlagbà wọ ọkọ̀ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.