Ọjọ́ tí olùjẹ́jọ́ ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ wa lọ sí kọ́ọ̀tù ìlú míì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè lókè yẹn pé wọ́n sáàfù àwọn ní mòṣàn (ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ adájọ́) kí ẹjọ́ kúrò níbi tó wà, pé báwo làwọn ṣe máa fèsì, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni tèmi. Mo bá ọkùnrin kan ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì sí ọ́fíìsì ẹ̀, ó san ìdajì, ó kó ọ́fíìsì lọ sí ìlú míì, ó wá ní òun ò san ìyókù mọ́ torí iṣẹ́ ò dáa. Mo pè é lẹ́jọ́. Ó fèsì, a ti ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlẹ́rìí, àfi bí lọ́yà ẹ̀ ṣe gbé mòṣàn dé lójijì pé ìlú tí oníbàárà òun ń gbé báyìí ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Inú bí mi gan-an o. Mo ní ká kọ ọ́ síwèé pé oníjìbìtì ni, ó fẹ́ fi owó ọkọ̀ tán mi lágbára kí n lè fi ẹjọ́ sílẹ̀. Lọ́yà mi ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ adájọ́ ò ní fi ìbínú mi dájọ́. Ó ní ká mú ìwé ìbúra ọkùnrin yẹn ká máa kà á ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, èyí tó bá jẹ́ òótọ́ ká gbà á, èyí tí kì í bá ṣòótọ́ ká búra tako ó ká sì so ìwé mọ́ ọn.

Ibi ìpínrọ̀ keje la ti rí i mú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́rìí òun pọ̀, ìlú tuntun yẹn ni gbogbo wọn wà. Yàtọ̀ sí akáǹtáǹtì ẹ̀ tára ẹ̀ ò yá, kò dárúkọ ẹyọ ẹnì kan, kò sọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ wá sọ. Lọ́yà mi fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀, ó ní ẹni tó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ kúrò ló máa fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe èmi. A wá to tiwa: ọ̀gá kápẹ́ńtà tó to iṣẹ́ náà, ẹni tó gba ẹrù lẹ́nu géètì, ẹni tó ni ilé, ibi tí kálukú ń gbé àti nǹkan tí kálukú fojú rí. Wébíìlì náà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù, wà níbẹ̀, tòun ti sáìnì ẹni tó gbà á. Èyí tó wá dùn jù ni ojú ewé ìkẹta àgírímẹ́ǹtì wa, a kọ ọ́ gbangba síbẹ̀ pé bí ìjà bá dé, kọ́ọ̀tù ìlú tí a ti ṣiṣẹ́ ló máa gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ní irú gbólóhùn yẹn, ẹ má fi sí ìdí ìwé o, òun ni kó ṣíwájú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìlú tiwọn ló dárúkọ, hmm, iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn.

A tún fi kún un pé ó ti fèsì sí ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ pé ibẹ̀ ò yẹ. Ní ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù, tó o bá fẹ́ ṣàtakò lórí ibi tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó o máa fèsì ni wàá ti sọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní o ti gbà.

Lọ́jọ́ tá a débẹ̀, adájọ́ ò pẹ́ rárá. Ó bi lọ́yà wọn pé àwọn ẹlẹ́rìí wo, kí lorúkọ wọn? Ọ̀gbẹ́ni ń ṣí fáìlì lọ, ó ń ṣí i bọ̀, ó ní àwọn á ṣì fi ìwé míì kún un. Adájọ́ ní mòṣàn tó wà níwájú òun lòun ń gbọ́, òun ò lè fi ìwé tí wọn ò tíì kọ dájọ́. Ó da mòṣàn náà nù. Akáǹtáǹtì wọn tára ẹ̀ ò yá nìkan ló ní kó jẹ́rìí látorí fídíò, àwa fúnra wa la sì ti kọ ọ́ sínú èsì wa pé a ò ní bá wọn jà sí ìyẹn, mo rò pé ó wà lára nǹkan tó mú kó gbọ́ tiwa.

Ẹnì kan sọ nísàlẹ̀ pé ṣebí wọ́n gbé ẹjọ́ àdó olóró tó bú ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 lọ sí ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ míì. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn nìyẹn, adájọ́ rí i pé wọn ò lè rí ìgbẹ́jọ́ tí ò ní ojúsàájú nínú ní Oklahoma lẹ́yìn ohun tójú wọn ti rí. Gbèsè tèmi àti kọ́bọ́ọ̀dù, ta ló gbọ́ nípa ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dákẹ́ títí ọjọ́ yẹn fi kọjá, adájọ́ lè fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè láìgbọ́ tẹnu yín. Tí àyè ò bá ní tó, ẹ tọrọ àfikún ọjọ́ nísinsìnyí tí kò tíì kọjá, kẹ́ ẹ sì rí i pé èsì yín dé ọwọ́ lọ́yà tiwọn náà, kó máa lọ jẹ́ kọ́ọ̀tù nìkan lẹ fún. Tó bá sì jẹ́ pé kọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ gbé ẹjọ́ yín lọ ò láṣẹ lórí ẹ̀ lóòótọ́, ẹ bi lọ́yà yín bóyá kẹ́ ẹ kúkú gbà kí wọ́n gbé e lọ, ìyẹn sàn ju kí wọ́n da ẹjọ́ yín nù pátápátá. Ìdí wo gan-an ni wọ́n kọ sínú tiyín?