Ìgò ọtí tí wọ́n ti ṣí nínú ọkọ̀, láti Houston dé New Orleans

Ọmọ Ìjẹ̀bú TX: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìnáwó wà ní Houston ní Sátidé, a óò sì gba òpópónà I-10 lọ sí New Orleans ní Sọ́ńdè. Bírándì àti wáìnì tí wọ́n bá ṣí tí kò tán, ṣé a lè gbé e? Jíìpù tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta ni ọkọ̀ wa, kò ní búùtù. Ṣé a lè ra òmíràn kún un lọ́nà?

Alàgbà Katy: Ẹ lè gbé e, ibi tí ẹ gbé e sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Texas, ìgò tí wọ́n ti ṣí tàbí tí wọ́n ti bù nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí níbi tí èèyàn ń jókòó. Bí ẹ tiẹ̀ dé e padà, ìgò ṣíṣí náà ni. Ẹ gbé e sẹ́yìn ìlà kẹta. Bí ẹ bá fi kúlà pa mọ́ sẹ́sẹ̀ ìlà kejì, ẹ ti rú òfin nìyẹn. Inú píjìnhóòlù iwájú dára, bí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọkọ̀ tó dúró sí ẹ̀bá títì pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Ìgò tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ṣẹ́ kù sí nísàlẹ̀ náà kì í ṣe òfìfo, ẹ dà á nù kí ẹ tó kó o sọ́kọ̀. Ìtanràn rẹ̀ kò ju 500 dọ́là lọ, ìgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà sì jẹ́ ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Àmọ́ bí awakọ̀ bá ti mutí yó, tí ìgò ṣíṣí tún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó kéré jù á kúrò ní wákàtí 72, á di ọjọ́ 6. Ẹ̀rù ìyẹn ni kó bà yín.

Ìyá Ìbejì: Ti rírà: ṣọ́ọ̀bù ọtí ní Texas kì í ta ọtí líle ní Sọ́ńdè rárá. Ẹ ra bírándì ní Sátidé kó tó di aago 9 alẹ́. Bíà àti wáìnì ń bẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì láti aago 10 àárọ̀ Sọ́ńdè. Kó tó di oṣù kẹsàn-án 2021, ọ̀sán gangan ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Ará Lake Charles: Bí ẹ bá ti sọdá odò Sabine, Louisiana ni yẹn. Ẹ̀yìn ìjókòó tó kẹ́yìn náà ni kí ìgò wà. Ohun tó yani lẹ́nu ni daiquiri dídì, ìyẹn ọtí àdàlù oníyìnyín, tí wọ́n ń tà láti ojú fèrèsé fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí ìdérí bá wà lórí ife, tí ẹ ò tíì ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, tí ẹ ò sì mu nínú rẹ̀, òfin ò kà á sí ṣíṣí. Ẹ ki sitírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ báyìí, ó ti dẹ̀ṣẹ̀.

Ní French Quarter, àdúgbò kan ní New Orleans, ẹ lè máa mu ọtí rìn nígboro, nínú ife ike nìkan. Ìgò gíláàsì kò gbọdọ̀ jáde, torí náà ẹ ní kí wọ́n dà á sínú ike fún yín ní báà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú TX: Ẹ ṣé gan-an. Bí a bá háyà bọ́ọ̀sì ńkọ́?

Alàgbà Katy: Ní Texas, òfin fàyè gba èrò inú bọ́ọ̀sì tàbí takisí tí a sanwó fún. Awakọ̀ nìkan ni kò gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni bọ́ọ̀sì, torí òun náà lè sọ pé òun ò fẹ́.