Mo fẹ́ fi ara mi jìn fún iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn ní Freetown. Kí ni ojú ẹ̀yin tó ti lọ rí?

Àdùkẹ́ béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Global Mercy, ọkọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn ti ẹgbẹ́ aláàánú Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Mercy Ships, tó máa ń gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone, ni mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Mi ò mọ abẹ́rẹ́ gún, bí mo bá sì rí ẹ̀jẹ̀, òòyì ló máa ń kọ́ mi. Látìgbà tí mo ti wo fídíò wọn ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tó wá dá mi dúró ni owó. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lọ ló máa san owó bàálù, tí yóò sì tún máa san owó yàrá àti oúnjẹ ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣé òótọ́ ni? Kí n ṣiṣẹ́, kí n tún sanwó lé e? Kí sì ni irú èmi fẹ́ máa ṣe láàárín àwọn dókítà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an ni kó sọ fún mi.

Bàbá Oníná:

Ọmọ mi, òótọ́ ni nígbà tí èmi lọ. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ san, ẹni tó ń fọ àwo nílé ìdáná náà san. Ìjọ mi ló dá èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi, àwọn ọmọ mi fi tiwọn kún un. Ó kọ́kọ́ rí bákan lójú mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ, ibì kan ni owó sì gbọ́dọ̀ ti wá.

Iṣẹ́ iná ni mo bá lọ. Ọkọ̀ yẹn gùn tó mítà 174, ó ní àjà 12 àti yàrá iṣẹ́ abẹ 6, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pèsè iná tó ń lò. Ìsàlẹ̀ pátápátá la wà, nídìí jẹnẹrétọ̀, níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nítorí ariwo. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Dókítà ti la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lókè, iná ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú: iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ tí mi ò fojú kan aláìsàn kankan. Bí o bá rí ọ̀dọ́ tó ń wá fọ́tò òun àti ọmọ aláìsàn tí yóò gbé sórí Facebook, sọ fún un pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo ló so mí pọ̀ mọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́nà mìíràn. Lára àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Wọ́n á ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ látìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá nílò rẹ̀, wọ́n á pè ọ́. Wọ́n pè mí lóru, mo lọ, wọ́n gbà á, mo padà sídìí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n fà á sí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ti inú ọkọ̀ ni kí n sọ fún ọ, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ ó jọ máa gbé yàrá ni, yàrá náà ò sì fẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni omi ìwẹ̀, torí omi ò gbọdọ̀ ṣòfò. Agogo ìdánrawò iná lè dún nígbà tí oorun bá dùn jù, gbogbo yín á sì dìde. Àmọ́ ìyẹn kéré. Àdúrà ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀! Ọ̀gbẹ́ni ará Yúróòpù kan ni ẹnìkejì mi. Ṣé o mọ bí àwa ṣe ń gbàdúrà ìdájí? Ní ti òun, yóò jókòó, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, ètè rẹ̀ ò ní mì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí ẹlòmíì ò gbọ́. Mo rò pé kì í gbàdúrà rárá. Òun náà rò pé inú ló ń bí mi ní gbogbo òwúrọ̀. A jókòó sọ ọ́ tán, ni mo bá ń lọ sókè, níta gbangba, láti gbàdúrà tèmi. Nígbà tó yá ó ń tẹ̀lé mi. Mi ò lè sọ pé ó ń pariwo o, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àmín sókè.

Oníṣirò owó ni ọ́? Wọ́n nílò yín. Ẹni tó ń bọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́, tó ń ra epo, tó ń ra oògùn, ṣé kò ní ṣírò rẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Tinú:

Àǹtí Àdùkẹ́, òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ wọ́n wà nísàlẹ̀, àwa wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Àwọn tó ń wá ni ọmọ tí ètè rẹ̀ là látinú oyún, àgbàlagbà tí gẹ̀gẹ̀ ti fún lọ́rùn, ẹni tí iná jó tí apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Àwọn tí kókó hù sí páárì ẹnu ló máa ń dùn mí jù. Púpọ̀ nínú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá gé e, yóò máa dàgbà títí tí èèyàn ò fi ní lè jẹun, tí kò ní lè mí dáadáa. Aṣọ ni wọ́n fi ń bo ojú wọlé. Obìnrin kan ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa títí tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Sierra Leone tó ń bá wa ṣiṣẹ́ fi jókòó tì í, tó ń bá a ya irun. Àwọn yẹn gan-an ni òpó ibẹ̀. Èdè Krio, Mende, Temne, àwọn ló ń túmọ̀ wọn fún wa. Bí wọn ò bá sí, ọwọ́ lásán la máa ń jù níwájú aláìsàn.

Ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ fún ohun kan tí kò sí nínú fídíò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sọ fún pé àìsàn rẹ̀ ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè mú kúrò, kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Ẹsẹ Bíbélì ò yára wá sẹ́nu mi nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bu omi fún wọn, mo máa ń jókòó.

Ọmọ Olódodo:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Owó bàálù gbogbo yín, bí wọ́n bá kó o fún àwọn dókítà ibẹ̀, ṣé kò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ? Nígbà Ebola, àwọn ọmọ ìlú ló dúró. Dókítà Sheik Umar Khan ló ṣáájú ìjà náà ní ìlú Kenema, àrùn yẹn ló sì pa á ní oṣù Keje 2014. Èmi náà ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ kan lọ sílẹ̀ òkèèrè rí, mi ò ní dárúkọ wọn. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ la kùn. Àwọn kunlékunlé ìlú náà dúró, wọ́n ń wò wá, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n jẹun nídìí ẹ̀ la gbà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Oníná:

Ọmọ Olódodo, mi ò bá ọ jiyàn lórí ògiri yẹn. Ohun tí ọmọ ìlú lè ṣe, kí àlejò fi sílẹ̀ fún un. Kódà nínú ọkọ̀ wa, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì Sierra Leone ń wá kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, nítorí ọkọ̀ á ṣí lọ lọ́jọ́ kan, àwọn ló máa ṣẹ́kù. Bí kò bá sí ìyẹn, èmi náà ì bá ní kí wọ́n fi owó wọn ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo máa ń bá àwọn tiwa jà lé lórí. Wọ́n á ní àwọn ń gbé Jésù lọ bá wọn. Ní Freetown? Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówò ẹrú, ibẹ̀ ló ti gba Jésù, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìhìn rere ti wá bá àwa Yorùbá! Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé láìjà. Aláìsàn tó jẹ́ Mùsùlùmí ò ní láti gbọ́ ìwàásù kó tó gba ìtọ́jú. Bí ó bá béèrè ìdí tí o fi wá, dá a lóhùn. Bí kò bá béèrè, lọ tún iná ṣe.

Àdùkẹ́:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ ṣé, Àǹtí Tinú. Ọmọ Olódodo, mo gbọ́ tiyín náà, mo máa bi wọ́n léèrè ohun tí mo bá ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé ọmọ Nàìjíríà nílò físà? Ọkọ mi tún ní ṣé a lè mú ọmọ wa dání.

Bàbá Oníná:

Ẹ ò nílò físà, ọmọ ECOWAS ni yín, pásípọ́ọ̀tù yín ti tó fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìwé á wà tí ẹ máa ṣe. Má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá sì balẹ̀ ní Lungi, ẹ ò tíì dé o: omi ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú àti ìlú, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀, nítorí náà kí ẹrù yín má wúwo jù, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e bó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré.

Ní ti ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ọkọ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pẹ́ níbẹ̀ ló máa ń mú ìdílé wá. Ìwọ máa lọ fún oṣù díẹ̀ ná, kí bàbá ọmọ tọ́jú ọmọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ lọ tọkọtaya lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ ti ọmọ sínú fọ́ọ̀mù látìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ, iṣẹ́ kí ló ń ṣe?