Ọmọ mi ń fara lulẹ̀ ké lójoojúmọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 2 àti oṣù 5, orí rẹ̀ sì le kọjá àfẹnusọ. Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ bá a wọ bàtà, ó ní àfi kóun dá a wọ̀. Mo gbé e fún un. Ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ ti ọ̀tún, kò wọlé, ló bá ju bàtà nù, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìṣẹ́jú 20 gbáko!

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti jágbe mọ́ ọn (ìyẹn tún wá burú sí i). Mo ti ṣe bí ẹni tí kò rí i. Èyí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kí n ní kó yan ọ̀kan nínú méjì: "pupa ni àbí dúdú?" Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi gbà, ní báyìí, "rárá" ni fún méjèèjì.

Ẹkún nìkan kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ó ti ń forí gbá ilẹ̀ báyìí, àyà mi sì ń já. Bí mo bá gbé e, á le gbagidi bí igi, á máa ta mí nípàá. Bàbá rẹ̀ ní kí n nà án. Èmi ò fẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe báyìí rí: tí ẹkún bá ti le dé ibẹ̀ yẹn, ṣé kí n gbá a mọ́ra tipátipá ni, àbí kí n jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ títí á fi rọlẹ̀? Báwo lẹ sì ṣe dáàbò bo orí ọmọ yín?